Epo Ẹja Nínú Ikùn Ará Èkó

Kí epo ẹja tó dé Ìsàlẹ̀ Èkó rárá ni wọ́n ti ń fi ikùn dán oògùn wò níbẹ̀. Ewé àsúnwọ̀n wà nílẹ̀, epo láárà wà nílẹ̀. Ọmọ tó bá jẹ àjẹjù lásìkò ọdún mọ̀ pé wọ́n á fọ inú òun kí ilé ìwé tó wọlé. Oògùn tí kò bá lé ni lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, àwọn àgbà kì í kà á kún.

Orí àṣà yìí ni epo ẹ̀dọ̀ ẹja, kọ́dílífà tí gbogbo ènìyàn mọ̀, wá bá wọn. Ní ọdún 1887 ni Zaccheus Bailey ṣí ilé oògùn sí Balógun, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí. Oògùn ìgò ń ti ọkọ̀ òkun sọ̀ kalẹ̀, ìpolówó rẹ̀ sì kún inú ìwé ìròyìn Èkó.

Láyé àtijọ́, ṣe ni wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ ẹja jẹrà nínú àgbá kí epo rẹ̀ tó jáde. Peter Möller, apoògùn ará Norway, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ooru omi yọ ọ́ ní nǹkan bí ọdún 1854, kí ó lè mọ́, kí òórùn rẹ̀ sì dín kù. Ẹja tí wọ́n ń yọ epo yìí nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kan náà ni Norway ń sá gbẹ, tó ń di okporoko nínú ọbẹ̀ wa! Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣe Scott's Emulsion po epo náà títí ó fi funfun bíi mílíìkì, wọ́n wá ya ọkùnrin tó gbé ẹja ńlá kọ́ ẹ̀yìn sára ìgò rẹ̀.

Ní ọdún 1919, Edward Mellanby fi hàn ní Ìlú Ọba pé epo yìí ń dènà àrùn tó ń mú kí ẹsẹ̀ ọmọdé wọ́. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba ibẹ̀ ń pín in fún àwọn ọmọdé.

Ní Èkó, ṣíbí ni wọ́n fi ń mu ún. Ìyá á há ọmọ mọ́ itan, á dí i nímú, á da epo sí i lẹ́nu, ọsàn bíbó á sì tẹ̀lé e kíákíá. Kò ní pẹ́ tí ọmọ á fi gùfẹ̀, tí òórùn ẹja á tún padà wá. Epo fúyẹ́ ju omi lọ. Orí ohun tó wà nínú ikùn ló ń léfòó sí, ọ̀rá sì máa ń mú kí oúnjẹ pẹ́ níkùn. Bí ikùn bá ṣófo, ìrìndọ̀ àti àyà títa lè tẹ̀lé e. Bó bá pọ̀ jù, ìgbẹ́ gbuuru ni. Àwọn àgbà á ní oògùn ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àṣìṣe ni, nítorí epo ẹja kì í ṣe oògùn ìfọnú.

Lẹ́yìn tí Bang àti Dyerberg, àwọn ará Denmark, ṣèwádìí lórí oúnjẹ inú òkun àti àìsàn ọkàn láàárín àwọn Inuit ní Greenland láàárín ọdún 1970 sí 1979, epo ẹja di oògùn àgbàlagbà nítorí ọkàn. Ó kúrò nínú ṣíbí, ó wọ inú hóró tó ń dán. Ìgùfẹ̀ kò tìtorí ìyẹn lọ.

Ooru Èkó tún dá kún un, torí epo ẹja tó bá pẹ́ nínú ooru yóò bàjẹ́, òórùn rẹ̀ á sì le. Ìdúmọ̀tà ni ọ̀pọ̀ ará Erékùṣù ti ń ra oògùn, ìtọ́jú oògùn níbẹ̀ sì wà lára ẹjọ́ tí NAFDAC, àjọ tó ń ṣàbójútó oúnjẹ àti oògùn, ń rò nígbà tó ti ọjà oògùn náà pa ní oṣù Kejì ọdún 2025.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ipò tí epo ẹja tirẹ̀ wà, kó gé hóró kan, kó gbóòórùn rẹ̀: bó bá ń rùn bí ẹja tó ti rà, kó dà á nù. Kó máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, kó pín in sí méjì lóòjọ́. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà. Aboyún kò sì gbọdọ̀ dá mu kọ́dílífà, nítorí fítámì A inú rẹ̀, bó bá pọ̀ jù, lè pa ọmọ inú lára.