Títí láé

Títí láé ni àpólà ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a fi ń tọ́ka sí àkókò tí kò lópin. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bá a tan ni láéláé (tàbí láíláí), ayérayé, àìnípẹ̀kun àti gbére.

Láéláé jẹ́ àpètúnpè láé. Nínú gbólóhùn ìyísódì, ó ń fi hàn pé nǹkan kò ní ṣẹlẹ̀ nígbà kankan: “N kò ní gbàgbé rẹ láéláé.” Ó tún lè tọ́ka sí ìgbà tí ó ti kọjá. “Ìgbà láéláé” ni ayé àwọn ará ìṣáájú. Májẹ̀mú Láéláé sì ni apá kìíní Bíbélì.

Àpètúnpè “ayé” ni ayérayé. Àìnípẹ̀kun wá láti ara àì, ní àti ìpẹ̀kun. Àwọn Kristẹni máa ń lò ó nínú “ìyè àìnípẹ̀kun”.

Gbére wà nínú “títí lọ gbére” àti nínú “ó di gbére”, ọ̀rọ̀ ìdágbére fún olóògbé. Nínú ìtumọ̀ Kùránì sí èdè Yorùbá, olùṣegbére ni ẹni tí yóò wà ní ọ̀run láìkúrò níbẹ̀. Nínú ìròyìn ilé ẹjọ́, ẹ̀wọ̀n gbére ni ẹ̀wọ̀n tí ẹlẹ́bi yóò ṣe títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe pàtàkì nínú àdúrà, ẹ̀jẹ́, ìwàásù àti ìdárò, nítorí wọ́n ń fi bí ìlérí tàbí ìpinnu ṣe lágbára tó hàn.