Ilé Pákó Etí Òkun Cape Cod: Ìtàn Ilé Kan àti Òfin Kan

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí wúlò fún òpìtàn pẹ̀lú, nítorí pé ilé tí ènìyàn kọ́ a máa sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń kọ ìtàn ilé, ààfin ọba, odi ìlú àti ilé ìsìn ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ó ṣọ̀wọ́n kí òpìtàn yà sí ilé kékeré tí a fi pákó kọ́, tí a ń gbé ní ìgbà ooru nìkan, tí kò sì tíì pé ọgọ́rin ọdún. Ìtàn irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí pé ó gbé ìbéèrè kan dìde tí ó kan gbogbo ẹni tí ó ní ohun àtijọ́ láti tọ́jú: nígbà wo gan-an ni ohun kan di ohun ìtàn, ta ni ó sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀?

Cape Cod ni orúkọ ilẹ̀ kan tí ó na apá sínú Òkun Àtìláńtíìkì ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Wampanoag ni kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1620. Ilẹ̀ iyanrìn ni; igi páìnì bò ó, adágún omi wà káàkiri inú igbó rẹ̀, òkun sì wà lọ́tùn-ún lósì. Ní ọdún 1937, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jack Hall ra oko àtijọ́ kan ní Bound Brook Island, ní àgbègbè ìlú Wellfleet. Erékùṣù ni ibẹ̀ nígbà kan rí, ṣùgbọ́n àbàtà ti so ó pọ̀ mọ́ ilẹ̀ tí ó kù. Hall kò kọ́ iṣẹ́ ìyàwòrán ilé ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan. Ojú ni ó fi mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ni ó sì fi ṣe é.

Ní ọdún 1937 kan náà ni Walter Gropius, ará Jámánì tí ó ti fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ nígbà ìjọba Hitler, di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Harvard. Marcel Breuer, ọmọ ilẹ̀ Hungary, bá a débẹ̀. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1949, Breuer ti kọ́ ilé tirẹ̀ sínú igbó Wellfleet. Ẹ̀kọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni pé kí ilé ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ, kí ohun èlò rẹ̀ hàn gbangba, kí a má sì fi ọ̀ṣọ́ asán bo ara rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà sí wa. Kí Gropius tó dé Amẹ́ríkà, Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà, níbi tí òun àti Maxwell Fry ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1934. Fry yìí àti Jane Drew, ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n wá ya àwòrán ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé àkọ́kọ́ tí a kọ́ fún Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá ti rìn lábẹ́ àwọn ilé Ìbàdàn wọ̀nyẹn, tí afẹ́fẹ́ ń gba ara ògiri wọn kọjá, ti rí ìbátan ilé tí à ń sọ yìí.

Ruth Hatch, obìnrin kan tí ń ya àwòrán, àti Robert ọkọ rẹ̀, olóòtú ní ìwé ìròyìn The Nation, ni wọ́n ní kí Hall kọ́ ilé fún wọn sí Bound Brook Island. Láàrin ọdún 1960 sí 1962 ni ó kọ́ ọ. Ó to òpó igi bí ẹni tí ń to àpótí: ẹsẹ̀ bàtà 7 ni gígùn àpótí kọ̀ọ̀kan, 7 ni fífẹ̀ rẹ̀, 7 ni gíga rẹ̀. Àwọn kan nínú àpótí wọ̀nyí ní ògiri àti òrùlé, wọ́n sì di yàrá. Àwọn mìíràn ṣí sílẹ̀ bí fàrándà. Yàrá ìjókòó dá dúró, yàrá ìsùn dá dúró, pẹpẹ pákó ni ó so wọ́n pọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti ọ̀kan dé èkejì kò ní ṣàì jáde sí gbangba. Èyí kò lè ya ọmọ tí a tọ́ ní agbo ilé lẹ́nu, nítorí pé àgbàlá ni òun náà ń là kọjá kí ó tó dé yàrá ìyá rẹ̀.

A kò kun pákó ilé náà rárá. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ ni ó sọ ọ́ di aláwọ̀ eérú bí igi tí òkun gbé sókè. Àwọn ìlẹ̀kùn fèrèsé pákó rẹ̀ ni a ń gbé sókè ní ìgbà ooru kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, tí a sì ń tì pa nígbà òtútù. Òpó ni ó gbé e dúró, nítorí náà wọn kò gé òkè náà tẹ́jú kí wọ́n tó kọ́ ọ. Ìwọ̀-oòrùn ni ó dojú kọ, níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ sínú omi.

Ṣùgbọ́n bí àwọn káfíńtà ti ń kan pákó ni àwọn aṣòfin ń ṣe òfin. Ẹ̀rù ti ń ba àwọn ènìyàn pé ilé ìtura àti ṣọ́ọ̀bù yóò gba gbogbo etí òkun náà. Ní ọdún 1959, John F. Kennedy àti Leverett Saltonstall, àwọn sẹ́nétọ̀ Massachusetts méjèèjì, gbé àbá òfin kan kalẹ̀ pé kí ìjọba pa ilẹ̀ náà mọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1961, Kennedy, tí ó ti di Ààrẹ, fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ tí ó ju ẹgbẹ̀rún 43 éékà lọ bọ́ sábẹ́ òfin yìí. Òfin náà fa ìlà kan: ẹni tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ilé rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1959 lè máa jẹ́ onílé lọ, èyí tí a bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, ìjọba lè gbà á.

Ilé Hatch bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìlà. Wọ́n fún ìdílé náà láàyè láti máa lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n nígbà tí àkókò wọn pé, ìjọba ni ó ni ín. Àwọn ilé mìíràn nínú igbó kan náà ti ṣófo ṣáájú rẹ̀. Òjò wọ òrùlé wọn, pákó wọn sì ń jẹrà. Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kórìíra ilé. Igbó àti etí òkun ni a fi wọ́n ṣọ́. Bákan náà, ìlànà ìjọba Amẹ́ríkà ni pé ilé tí kò bá tíì pé àádọ́ta ọdún kò sábà lè wọ inú ìwé ohun ìtàn. Ta ni kò mọ̀ pé ilé pákó tí kò ní olùgbé kò lè dúró fún àádọ́ta ọdún?

Ní ọdún 2007, Peter McMahon, ayàwòrán ilé, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti gba àwọn ilé wọ̀nyí là. Ẹgbẹ́ náà háyà wọn lọ́wọ́ ìjọba, ó sì ń tún wọn ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé tí Charles Zehnder kọ́ ní ọdún 1970 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2013 iṣẹ́ parí ní ilé Hatch, ní ọdún 2014 orúkọ rẹ̀ sì wọ inú ìwé ohun ìtàn. Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ náà ra ilé Breuer pẹ̀lú. Wọn kò sọ àwọn ilé náà di ibi ìwòran lásán: àlejò ń sanwó sùn níbẹ̀ ní ìgbà ooru, owó náà ni a fi ń tọ́jú wọn, àwọn ayàwòrán àti onímọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ nínú wọn.

Àwọn kan yóò wí pé òfin 1961 burú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí òfin náà, bóyá ilé ìtura ni ì bá yí ilé Hatch ká lónìí, tí kò ní rí oòrùn wọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n òfin náà ka gbogbo ilé tuntun sí ọ̀tá ilẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ilé yìí kò tilẹ̀ gé òkè tí ó dúró lé. Ọjọ́ orí nìkan ni òfin mọ̀ ọ́n kà. Kò mọ ìwà. Ìdílé tí ó kọ́lé sì ni ó san owó àìmọ̀ yẹn.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé a kò gbọdọ̀ dúró kí ilé darúgbó kí a tó mọ iyì rẹ̀. Àwọn ilé tí a kọ́ ní ìlú wa ní àkókò kan náà ń bẹ lójú wa, a sì ń wó wọn lójoojúmọ́. Kí olùkọ́ kó ọmọ ilé-ìwé lọ wọn ọ̀kan, kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀, kí wọ́n sì bi onílé léèrè ìdí tí ó fi kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bí onílé bá ti lọ, tí ilé sì ti wó, kò sí òpìtàn tí ó lè bi ilẹ̀ léèrè.