Aró elú, kíjìpá àti jíǹsì

Ṣíṣe jíǹsì láì ba àyíká jẹ́ kó gbogbo ọ̀nà tí àgbẹ̀ olówùú, ahunṣọ, aláró àti télọ̀ ń gbà dín omi, kẹ́míkà àti ìdọ̀tí kù pọ̀. Aṣọ òwú tó nípọn ni jíǹsì. Òwú tó gùn lóòró nínú rẹ̀ ni wọ́n ń rẹ láró, funfun ni èyí tó dábùú, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣá bí a ti ń wọ̀ ọ́. Yorùbá ní aṣọ tirẹ̀ tó sún mọ́ ọn, kíjìpá, ó sì ní aró tirẹ̀, elú. Ìlú Ọ̀fà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, wà láàárín Òṣogbo tí òkìkí aró rẹ̀ kàn àti Ìlọrin tí wọ́n ti ń hun òfì.

Aró elú

Ewé elú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ni aláró ń já. Wọn a gún un lódó, wọn a ṣù ú, wọn a sì sá a lóòrùn títí yóò fi gbẹ. Ohun kejì ni eérú igi. Ìkòkò méjì ni wọ́n ń gbé léra wọn: ti òkè ní ihò nídìí, eérú ló wà nínú rẹ̀, omi tí a bá dà sí i á sì máa kán sínú ti ìsàlẹ̀. Inú omi eérú yìí ni elú yóò wà fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kan. Aṣọ tí a bá rì sínú rẹ̀ kì í dú nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ. Bí ewé tó ń pọ́n ló máa ń rí, àfìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i kó tó yí padà lójú ẹni. Iye ìgbà tí a bá rì í ló ń sọ bí yóò ṣe dú tó.

Eérú tí agbára rẹ̀ ti tán kì í ṣòfò. Wọ́n ń pò ó mọ́ tuntun, wọ́n ń ṣù ú, wọ́n sì ń sun ún kó lè tún ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń jẹ igi ìdáná, ó sì gba sùúrù.

Kíjìpá

Àwọn obìnrin ló ń hun kíjìpá lórí òfì tó dúró ti ògiri, pàápàá ní Ìgbómìnà, Òkun àti Èkìtì. Òwú tí wọ́n fọwọ́ ran ni wọ́n ń lò. Kì í tètè ya, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ aṣọ iṣẹ́. Àwọn àgbà ní, “Kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ,” nítorí pé ẹni tó bá rà á kò ní tètè wá òmíràn. Irú àlòpẹ́ yìí ni àjọ Ellen MacArthur Foundation béèrè fún ní 2019, nígbà tó ní kí jíǹsì lè fara da ìfọ̀ 30, ó kéré tán.

Aró òyìnbó

Ní 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ó gba Ọ̀fà kọjá, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Ọjà òyìnbó wá ń rọ́nà wọ inú ilẹ̀. Kọ́sítíìkì sódà gba ipò omi eérú lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ aláró, torí pé ó dín àkókò àti làálàá kù. Ní Abẹ́òkúta, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin dè é nítorí ẹ̀sùn pé ó ń ba àdìrẹ jẹ́. Àwọn aláró obìnrin fárígá ní 1936, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde, wọ́n sì ká òfin náà kúrò.

Jíǹsì lónìí

Levi Strauss àti Jacob Davis gba ìwé àṣẹ fún ṣòkòtò onírífẹ́ẹ̀tì (ìṣó kékeré tó ń di ojú rírán mú) ní Amẹ́ríkà ní 1873. Ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ Levi Strauss gbé jáde ní 2015 fi hàn pé ṣòkòtò kan ń gba omi bíi lítà 3,781 láti oko títí di ìgbà tí a bá jù ú nù. Òwú gbígbìn ló gba ìdá 68 nínú 100, fífọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín sì gba 23. Aró kẹ́míkà náà ni ọ̀pọ̀ jùlọ jíǹsì ń lò. Yanrìn tí wọ́n ń fẹ́ sí i kó lè dà bí aṣọ tó ti gbó ti fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró fún òṣìṣẹ́ ní Tọ́kì, ìjọba ibẹ̀ sì fòfin dè é ní 2009. Iná lésà àti gáàsì ozone wà lára ohun tí wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀.

Ohun tó kù sọ́wọ́ wa

Ní Ọ̀fà, bíi ti ìlú Yorùbá mìíràn, inú òkìríkà, ìyẹn aṣọ àlòkù, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rí jíǹsì rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Nàìjíríà kò gba kíkó o wọlé láàyè. Télọ̀ ń gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ń lẹ orúnkún tó ya, ń sọ èyí tó ti gbó di ṣọ́ọ̀tù tàbí báàgì. Èyí náà jẹ́ ọ̀nà tó dára láti dín ìdọ̀tí kù, torí aṣọ tó bá wà lára kò sí lórí ààtàn. Ẹ máa yí jíǹsì yín sódì kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà, ẹ sì jẹ́ kí télọ̀ kọ́kọ́ rí i kí ẹ tó jù ú nù.