Bí Edé Odò Ṣe Ń Dàgbà àti Bí Ó Ṣe Ń Bímọ

Edé odò tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Macrobrachium vollenhovenii jẹ́ edé ńlá tí ó ń gbé inú odò àti ọ̀sà ní etí òkun Áfíríkà, láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Àǹgólà. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn apẹja máa ń rí i ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí.

Èèpo líle ni ó bo ara edé, èèpo náà kì í sì í fẹ̀ sí i. Nítorí náà, bí edé bá fẹ́ tóbi, àfi kí ó bọ́ èèpo àtijọ́ sílẹ̀, kí tuntun sì le mọ́ ọn lára. Edé kékeré a máa bọ́ èèpo lemọ́lemọ́. Bí ó bá ti ń dàgbà ni ó ń pẹ́ kí ó tó bọ́ òmíràn. Akọ a máa tóbi ju abo lọ, nítorí pé bí abo bá ti bàlágà, púpọ̀ nínú agbára oúnjẹ rẹ̀ ni ó ń lọ sí ara ẹyin.

Ìgbà tí abo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo, tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀, ni akọ ń gùn ún. Bí ó bá yé ẹyin tán, yóò so wọ́n mọ́ àwọn ẹsẹ̀ abẹ́ ikùn rẹ̀, yóò sì máa gbé wọn kiri títí wọn yóò fi pa. Bí abo bá ṣe tóbi tó ni ẹyin rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó.

Omi dídùn ni ìyá ń gbé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò le yè níbẹ̀ ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Omi tí ó ní iyọ̀ díẹ̀ ni wọ́n nílò. Ìdí nìyí tí abo fi ń bá odò lọ sí apá òkun; bí àwọn ọmọ bá gbó díẹ̀, wọn a tún padà gòkè odò.

Ìdídò a máa dí ọ̀nà yìí. Lẹ́yìn tí wọ́n parí ìdídò Diama lórí Odò Sẹ̀nẹ̀gà ní 1986, edé yìí dínkù gidigidi lókè odò. Edé sì ni ó ń jẹ ìgbín inú omi tí ó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Àrùn náà gbilẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin apẹja wa: bí ẹ bá rí abo tí ó gbé ẹyin sábẹ́ ikùn, ẹ dá a padà sínú omi láàyè. Ẹ lo àwọ̀n tí ojú rẹ̀ fẹ̀, kí èyí tí kò tíì bímọ rí le bọ́ lọ. Edé kan tí a dá sí lónìí ni ọ̀pọ̀ edé ọ̀la.