Dúdú Tí Ìṣó Kọ Sára Pákó

Pákó àpá ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ilé bàbá bàbá mi ní Fìdítì, wọ́n sì ti fi fánísì kùn ún kí wọ́n tó bí mi. Bí a bá jókòó síbẹ̀, à ń wo títì tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, àti àwọn ìyá tó kó ọsàn jọ gègèrè sétí ọ̀nà. Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ lára pákó yẹn ni àbàwọ́n dúdú tó yí orí ìṣó kọ̀ọ̀kan ká. Wọ́n ní ìdọ̀tí ni. A fọ̀ ọ́ títí, ọṣẹ kò gbé e.

Ìdọ̀tí kọ́. Ohun tó máa ń fún èèyàn lẹ́nu pọ̀ bó bá jẹ obì, irú rẹ̀ wà nínú àpá. Bí òjò bá pa á pọ̀ mọ́ irin, dúdú ló ń dà. Irú àdàlú yìí làwọn Òyìnbó fi po tàdáwà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Láyé àtijọ́, gbẹ́nàgbẹ́nà á gbẹ́ ẹsẹ̀ tí ìlẹ̀kùn fi ń yí mọ́ ara igi ìlẹ̀kùn náà. Kò sí irin tó dè é mọ́ òpó, tí ìbá sọ igi di dúdú. Nígbà tó yá, ọ̀nà ìkọ́lé yí padà. Ilé Àgbádárìgì tí àwọn míṣọ́nnárì bẹ̀rẹ̀ ní 1842, tí wọ́n parí ní 1845, ni wọ́n ń pè ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901. Káfíńtà, ìṣó àti páànù wá di ohun tí ilé kò lè ṣe láìsí.

Bàbá káfíńtà àdúgbò wa ló fi ọ̀nà tí a lè gbà yọ dúdú náà hàn mí. "Ìwọ ọmọ yìí, gbé igbá yẹn wá." Ó rẹ ewé ìpín sómi, ó fi ha fánísì kúrò lójú ibi tó dúdú, ewé náà ń dún ṣàà-ṣàà bí ahọ́n ológbò. Lẹ́yìn náà ló fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó ní ká fi í sílẹ̀. Dúdú náà rọra di àwọ̀ eérú, nígbà tó yá ni pupa rúsúrúsú àpá yọjú. Omi lásán ló fi ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní bí kíkan ọsàn bá kù síbẹ̀, fánísì tuntun kò ní í mú. Ó fa ìṣó yọ, ó fi súkúrù idẹ dípò, nítorí idẹ kì í sọ igi di dúdú. Ẹ̀yìn ìgbà tó gbẹ kanrangandan ló tó kùn ún.

Pákó mẹ́rin péré ló ṣe kó tó di aláìsí. Ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ fún lẹ́yìn rẹ̀ da ọ̀dà dúdú bo gbogbo ìyókù, ó dùn mí dọ́kàn. Ọ̀dà náà ti ń bó báyìí, àbàwọ́n sì wà lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe wà. Àmọ́ mẹ́rin ti Bàbá wọ̀nyẹn, lẹ́bàá àtẹ̀gùn, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá tàn sí wọn, pípọ́n ni wọ́n ṣì ń pọ́n.