Agbára Ìdènà Ooru

Agbára ìdènà ooru ni bí ohun kan ṣe lè dá ooru dúró kí ó má tètè gba inú rẹ̀ kọjá. A ń fi bí ooru ṣe ń gba inú ohun náà kọjá wọ̀n ọ́n, ní W/m·K (wáàtì fún mítà kan fún kelvin kan): bí iye náà bá ṣe kéré tó ni ìdènà ṣe lágbára tó. Ti bàbà tó 400, irin 80, gíláàsì 1, pákó nǹkan bí 0.15, irun àgùntàn 0.04. Afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ kò ju 0.026 lọ, òun gan-an ló sì ń ṣe iṣẹ́ nínú irun, fóòmù àti òrùlé koríko. Bí omi bá rin wọ́n, ìdènà á dínkù, nítorí omi ń gbé ooru kọjá ní ìlọ́po ogún ju afẹ́fẹ́ lọ. Aerogel, tí Samuel Kistler ará Amẹ́ríkà kéde ní 1931, wà lára àwọn ohun líle tó ń dènà ooru jù lọ.