Adé Eyín: Láti Orí Ìda Dé Orí Kọ̀ǹpútà

Ní ọdún tó kọjá, eyín ẹ̀yìn kan kán mọ́ màmá mi lẹ́nu níbi tí wọ́n ti ń fọ́ egungun ẹran. Dókítà eyín ní kò yẹ kí a yọ ọ́, pé òun yóò dé e ládé. Adé eyín ni ìbòrí líle tí a ṣe bí eyín, tí a sì lẹ̀ mọ́ kùkùté eyín tó bàjẹ́. Dókítà ki ohun rírọ̀ kan bí amọ̀ sí màmá mi lẹ́nu, kí ó lè gba àwòrán eyín wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi dúró kí adé náà tó dé: irin dídà ni, wọ́n fi tánńganran bò ó lójú.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àbúrò wọn tó ń gbé ní London sọ lórí fóònù pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe ti òun, láàárín òwúrọ̀ kan. Màmá mi dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n bi mí pé, "Ìwọ tí ò ń ka ìwé ìtàn, ṣé ògbólógbòó ni wọ́n wá dé mi ni?" Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ìdí àròkọ yìí.

Ní ọdún 1907, dókítà eyín kan ní Amẹ́ríkà, William Taggart, fi ọgbọ́n kan han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York. Ó fi ìda mọ àwòrán ohun tó fẹ́ fi dí eyín, ó fi ohun tó máa ń gan bí sìmẹ́ǹtì bò ó, ó fi iná yọ́ ìda náà kúrò, ó sì da wúrà yíyọ́ sí ààyè rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n wá ń gbà da adé eyín káàkiri ayé.

Orí mi wú nígbà tí mo kà á. Ìda náà ni àwọn baba wa ní Ilé-Ifẹ̀ fi da àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938, ó sì ti lé ní 500 ọdún tí wọ́n ti dà wọ́n. N kò sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni Taggart ti kọ́ ọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọgbọ́n náà kì í ṣe àjèjì sí wa.

Ti kọ̀ǹpútà kò tíì pẹ́. François Duret, ará Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ní nǹkan bí ọdún 1970 pé a lè fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán eyín dípò ohun rírọ̀. Ní ọdún 1985, ní Yunifásítì Zurich, Werner Mörmann àti Marco Brandestini lo ẹ̀rọ wọn, CEREC, fún aláìsàn àkọ́kọ́. Kámẹ́rà ya ihò eyín, ẹ̀rọ sì gbẹ́ ohun tí wọ́n fi dí i láti ara tánńganran lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rọ ìgbà yẹn kò lè gbẹ́ ojú tí eyín fi ń jẹun. Ọwọ́ dókítà ló ń parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó lè gbẹ́ odindi adé dé.

Èwo ló wá dára jù? Ti kọ̀ǹpútà yá, kì í jẹ́ kí èébì gbé ènìyàn nítorí ohun rírọ̀, ó sì lè gbẹ́ zirconia tó le gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà wọ́n, ó sì ń fẹ́ iná mànàmáná. Adé irin dídà lè pẹ́ lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó ṣe kókó nínú méjèèjì ni pé kí adé bá eyín mu ṣinṣin. Bí àlàfo bá wà, oúnjẹ yóò há síbẹ̀, eyín abẹ́ rẹ̀ yóò sì jẹrà. Ọwọ́ dókítà tó kọ́kọ́ gbẹ́ eyín náà ló ń pinnu púpọ̀ nínú èyí, kọ̀ǹpútà ì báà wà, kó má wà.

Mo ka àròkọ yìí sí màmá mi létí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé iṣẹ́ Ifẹ̀ ni mo dé." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ẹ máa fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, kó lè pẹ́ bíi ti Ifẹ̀."